Oògùn Tí Ẹ Bá Nínú Ẹ̀jẹ̀ Kò Parí Ọ̀rọ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Dókítà Tí Ń Yẹ Òkú Wò

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Iṣẹ́ tí ẹ yàn láàyò kì í ṣe èyí tí ojo lè ṣe, n kò sì kọ̀wé yìí láti bẹnu àtẹ́ lù ú. Nọ́ọ̀sì ni mí, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú ọkàn. Èmi ni mo máa ń lẹ wáyà mọ́ àyà àwọn ènìyàn láti ya bí ọkàn wọn ṣe ń lù sórí ìwé, ìyẹn ECG. Ẹ̀yin lẹ ń rí ẹni tó kú. Èmi ni mò ń rí àwọn tó fi sáyé lọ: ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ. Ìwé tí ẹ bá kọ ni wọ́n máa ń mú dání wá. Àwọn mìíràn kì í sì í wá rárá, ìwé tí ẹ kọ náà ló fà á.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò lọ́jú pọ̀. Bí ọ̀dọ́ kan bá ṣubú lulẹ̀ tó sì kú lójijì, tí ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí ẹ bá kokéènì, amphetamine (oògùn tó ń ta ara jí), methadone (oògùn tí wọ́n fi ń gba ènìyàn lọ́wọ́ hẹ́róìnì) tàbí oògùn mìíràn níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa fáìlì dé. Oògùn tí ẹ rí yẹn lè jẹ́ òótọ́ kó má sì jẹ́ gbogbo òótọ́. Ó lè jẹ́ pé ọkàn tí olóògbé jogún lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ti ní àléébù tipẹ́tipẹ́, tí oògùn wá bá a níbẹ̀. Ẹni tó kú ti kú. Àléébù yẹn kò bá a wọlẹ̀ o. Ó ṣeé ṣe kó ṣì wà lára àwọn tó bá a tan.

Mo mọ bó ṣe máa ń lọ. Ọlọ́pàá ti sọ fún yín pé àwọn bá ìyẹ̀fun funfun lórí tábìlì. Yàrá àyẹ̀wò ti fi èsì ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́. Òkú mìíràn ń dúró dè yín. Ọkàn tí ẹ gbé sórí òṣùwọ̀n wúwo díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ kọ iye gíráàmù rẹ̀ sílẹ̀, ẹ wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé oògùn olóró ni. Ó tán. Ìdílé kò ní béèrè nǹkan kan mọ́, ìtìjú ti bò wọ́n. Wọ́n á ká ìwé náà, wọ́n á tì í bọ abẹ́ aṣọ nínú àpótí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, wọ́n á ní àìsàn ránpẹ́ ni. Dókítà tó ń tọ́jú ilé wọn kò ní sọ fún àbúrò olóògbé pé kó wá ṣe àyẹ̀wò. Kí ló fẹ́ yẹ̀ wò? Ṣebí oògùn ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, oògùn kì í sì í ṣe ohun àjogúnbá.

Ohun tí wọ́n ń jogún gan-an ni mo fẹ́ ká sọ. Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, ẹ jẹ́ kí n là á yé àwọn tó kù tó ń kà á.

Àìsàn kan wà tí iṣan ọkàn fi máa ń nípọn láìsí pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Hypertrophic cardiomyopathy ni wọ́n ń pè é. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn 500 ló ní in. Ọ̀pọ̀ wọn á lo ayé wọn tán láì mọ̀ pé ó wà lára wọn. Àwọn mìíràn á sáré lórí pápá, wọ́n á ṣubú, wọn ò ní dìde mọ́. Ọ̀kan nínú yín ló là á yé ayé òde òní: Donald Teare, dókítà tó ń yẹ òkú wò ní London, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1958 pé ọkàn àwọn ọ̀dọ́ kan tó kú lójijì nípọn lápá kan ju apá kejì lọ. Orí tábìlì yín ni ìmọ̀ yìí ti jáde, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé ẹ̀yin ni mo kọ̀wé sí, n kò kọ ọ́ sí àwọn dókítà ọkàn. Bí òbí kan bá ní in, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí ló wà nínú ewu ìdá 50 nínú 100 láti jogún rẹ̀.

Ìyẹn ni èyí tí ọ̀bẹ yín lè rí. Àwọn kan wà tí ọ̀bẹ kò lè rí rárá. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní long QT, ìrísí ọkàn dára, ìwọ̀n rẹ̀ dára, àmọ́ ó máa ń pẹ́ jù kí iná mànàmáná inú rẹ̀ tó padà sípò lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 2,000 ló ní in. Ní 1957, Jervell àti Lange-Nielsen kọ̀wé nípa ìdílé kan ní Norway: nínú ọmọ mẹ́fà, mẹ́rin jẹ́ adití tó máa ń dákú, mẹ́ta nínú wọn sì kú ní kékeré. Brugada ni ìkejì, orúkọ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tó kọ nípa rẹ̀ ní 1992 ló ń jẹ́. Ojú oorun ló sábà máa ń pa ènìyàn sí. Ẹ̀kẹta wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ènìyàn bá ń sáré tàbí tí inú bá bí i ló máa ń dìde, CPVT ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ gé kúrú sí. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá pa ènìyàn, ẹ lè la àyà rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Bí oògùn bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Oògùn nìkan ni ẹ máa rí, òun náà ni ẹ máa kọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti oògùn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mò ń gbèjà rẹ̀.

Kokéènì kì í fi ọ̀nà kan ṣoṣo ba ọkàn jà. Kì í jẹ́ kí noradrenaline tó ń mú ọkàn sáré padà síbi tó ti wá, ọkàn á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ á máa ru. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ó máa ń fún iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìgbà tí ọkàn ń wá atẹ́gùn púpọ̀ ni kò ní rí èyí tó tó. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999 fi hàn pé láàárín wákàtí àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá lò ó, ewu pé apá kan iṣan ọkàn rẹ̀ á kú torí ẹ̀jẹ̀ tí kò dé ibẹ̀ máa ń lọ sókè ní ìlọ́po 24. Bí ó bá fi ọtí lé e, ẹ̀dọ̀ á po méjèèjì pọ̀ di cocaethylene, èyí tó máa ń pẹ́ lára ju kokéènì fúnra rẹ̀ lọ. Ọkàn tó pé, tí kò ní àléébù kankan, lè kú sídìí èyí. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà tí kokéènì ń ṣe, ìyẹn ló gbé mi dìde kọ̀wé. Ó máa ń dí àwọn ẹnu ọ̀nà kéékèèké tí sódíọ̀mù àti pọtáṣíọ̀mù, àwọn èròjà tó ń gbé iná ọkàn, ń gbà wọlé jáde nínú sẹ́ẹ̀lì ọkàn. Ẹnu ọ̀nà sódíọ̀mù yìí kan náà ni àléébù máa ń wà lára rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìdílé tó ní Brugada. Ti pọtáṣíọ̀mù ni àléébù wà lára rẹ̀ nínú irú long QT méjì tó wọ́pọ̀ jù. Àṣé ojú egbò gan-an ni oògùn ń lọ tẹ̀! Ẹni méjì lè jókòó lórí àga kan náà, kí wọ́n lo ìwọ̀n kan náà, kí ọ̀kan jí lọ́jọ́ kejì kí orí máa fọ́ ọ, kí ìkejì má jí. Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ọwọ́ méjì ló gbé ikú yẹn dórí, ẹ wá kọ orúkọ ọwọ́ kan ṣoṣo sínú ìwé.

Kì í sì í ṣe kokéènì nìkan. Amphetamine àti àwọn ìbátan rẹ̀ máa ń fi adrenaline, èròjà tí ara máa ń tú jáde bí ènìyàn bá ń sáré tàbí bínú, kún ara, ẹ sì ti mọ ohun tí ìyẹn lè ṣe fún ẹni tó ní CPVT. Loperamide tí gbogbo wa mọ̀ sí oògùn ìgbẹ́ gbuuru, àwọn kan ti ń gbé e mì lọ́pọ̀ yanturu láti fi yó. Ní 2016 FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé ó ń da ìlù ọkàn rú débi ikú. Àwọn ọmọdé tó ń fa gúlù, tínà àti gáàsì símú náà ńkọ́? Láti 1970 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Bass ti kó ikú òjijì 110 jọ sínú ìwé kan ní Amẹ́ríkà nípa wọn. Ohun tí wọ́n ń fà símú yẹn máa ń mú kí adrenaline tètè da ọkàn rú, tó fi jẹ́ pé ọmọ tí ẹnì kan ká mọ́ ìdí rẹ̀, tó dìde tó fẹ́ sá, lè ṣubú kú lórí ìsáré. Bí ọkàn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá tún ní àléébù àbímọ́ni, ẹ fojú inú wò ó.

Methadone ni n óò dúró lé díẹ̀, nítorí ohun tí mo fojú rí.

Obìnrin kan wá sọ́dọ̀ wa, ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Látìgbà tó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ti ń fún un ní oògùn wárápá, torí ó máa ń dákú, ara rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Mo bi í pé ìgbà wo ló sábà máa ń ṣe é. Ó ní láàárọ̀ ni, bí álààmù bá ti dún, tàbí bí fóònù bá ké mọ́ òun lóru. Ọwọ́ mi dúró. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó má fura. Mo ní kó dùbúlẹ̀, mo nu àyà rẹ̀, mo lẹ gbogbo wáyà tó yẹ ní lílẹ̀, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Lórí ìwé ECG, àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan dúró fún mìlísẹ́kọ́ńdì 40. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n láti ibi tí ìlù ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí iná ọkàn ti padà sípò, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní QT: àpótí 13. Ìyẹn jẹ́ 520. Ọkàn rẹ̀ sì ń lù ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan ní sẹ́kọ́ńdì kan, kò sí ìṣirò mìíràn tó lè mú un wálẹ̀. Fún obìnrin, bó bá ti kọjá 460 la ti ń ṣọ́ra. Bó bá kọjá 500, a kì í jẹ́ kí onítọ̀hún kọjá ẹnu ọ̀nà láì rí dókítà.

Nígbà tí dókítà béèrè nípa ìdílé rẹ̀, ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan kan. Ó ṣe díẹ̀ kó tó fa ìwé kan yọ nínú báàgì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti kú ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Hẹ́róìnì ló ń lò nígbà kan rí, ó ti pinnu pé òun á fi í sílẹ̀, ilé ìtọ́jú kan ló ń fún un ní methadone kó lè fi í sílẹ̀. Wọ́n bá a lórí ibùsùn láàárọ̀, álààmù fóònù rẹ̀ ṣì ń dún. Ìwé náà kò gùn. Methadone wà nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn dára lójú, oògùn ló pa á. Wọn kò tọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kankan pamọ́. Wọn kò béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń dákú nínú ẹbí. Kò sí ẹni tó ya ECG fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo methadone, bẹ́ẹ̀ láti 2006 ni wọ́n ti fi ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára oògùn náà ní Amẹ́ríkà pé ó lè fa QT gùn. Ẹnu ọ̀nà pọtáṣíọ̀mù tí methadone máa ń dí gan-an ni àléébù wà lára rẹ̀ nínú irú long QT tí ariwo òjijì máa ń ru sókè.

Ṣé ohun tó pa á nìyẹn? N kò lè búra. Kò sẹ́ni tó lè búra mọ́, torí wọn kò tọ́jú ohun tí à bá fi mọ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín títí di ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n ń gbé álààmù sẹ́bàá etí sùn lálaalẹ́, ó sì ń gbé oògùn wárápá mì fún àìsàn tí kò ní. A ya ECG fún ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀kan ní in. Lónìí propranolol, oògùn tó ń rọ ọkàn lójú kó má sáré jù, ni ìyá àti ọmọ ń lò, wọ́n ti kó gbogbo ohun tó ń dún kúrò nínú yàrá, orúkọ àwọn oògùn tí wọn kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn sì wà nínú pọ́ọ̀sì ìyá.

Ẹ lè sọ pé iye oògùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin yẹn pọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iye kì í sọ gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀n methadone tí ẹnì kan ń lò lójoojúmọ́ tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ lè pa ẹlòmíràn tí kò tíì mọ́ lára. Lẹ́yìn ikú, oògùn mìíràn máa ń jáde láti inú ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọkàn, iye rẹ̀ á sì ga ju ti ìgbà tó wà láàyè lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń fa ẹ̀jẹ̀ itan. Kokéènì ní tirẹ̀ á máa yòrò lọ nínú ìgò bí ẹ kò bá fi fluoride, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kó yòrò, sí i. Wọ́n sì ti bá kokéènì tó pọ̀ lára àwọn tó jẹ́ pé mọ́tò ló pa wọ́n.

Ó yẹ kí n sọ tẹ̀yìn náà o, kó má dà bíi pé mo fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ di ẹjọ́ ìdílé. Kokéènì tí ènìyàn lò fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń mú ọkàn nípọn fúnra rẹ̀. Amphetamine lè sọ ọkàn di ńlá kó sì rọ̀. Oògùn tí àwọn tó ń gbé irin ń gún lára láti fi ní iṣan máa ń mú un nípọn pẹ̀lú. Nítorí náà ọkàn tó nípọn lórí tábìlì kò tíì tó ẹ̀rí pé àjogúnbá ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní máíkírósíkóòpù. Nínú èyí tí wọ́n jogún, fọ́nrán iṣan ọkàn máa ń gbún gbàgbàgbà, ọ̀kan kọjú síhìn-ín, èkejì kọjú sọ́hùn-ún. Nínú èyí tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn mú nípọn, wọ́n ṣì sábà máa ń tò létòlétò. Ẹ gé e ní ibi púpọ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Bí dókítà tó mọ̀ nípa ọkàn nìkan bá wà nítòsí, ẹ jẹ́ kó bá yín wò ó.

Ohun kan máa ń ká mi lára. Ní June 26, 2003, Marc-Vivien Foé ṣubú lórí pápá ní Lyon níbi tí Cameroon ti ń bá Colombia gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún 28 ni. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá a pé ọkàn rẹ̀ nípọn. Gbogbo ayé ló sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò ọkàn lẹ́yìn náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Láti 1982 ni Ítálì ti fi òfin dè é pé kí wọ́n yẹ ọkàn gbogbo ẹni tó fẹ́ díje nínú eré ìdárayá wò, tòun ti ECG. Ní agbègbè Veneto, ikú òjijì láàárín àwọn ọ̀dọ́ eléré fi ìdá 89 nínú 100 dín kù láàárín 1979 sí 2004. Ẹ wá wo ti Len Bias, agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Amẹ́ríkà. Ní June 1986, ẹgbẹ́ Boston Celtics yàn án pé kó wá máa gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ló kú, ọmọ ọdún 22, kokéènì ni. Òfin ni ìyẹn bí: kí ọdún náà tó parí, ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣe òfin oògùn olóró tó sọ ẹ̀wọ̀n gígùn di dandan. N kò sọ pé Bias ní àìsàn ìdílé o, n kò ní ẹ̀rí ìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni bí etí ayé ṣe ń gbọ́ ikú méjèèjì. Ẹni tí kò lo nǹkan kan bá kú, a ó sáré lọ yẹ àwọn ará rẹ̀ wò. Ẹni tó lo nǹkan bá kú, a ó sáré lọ pe ọlọ́pàá. Ìdílé méjèèjì ló ní ọmọ tó kù nílé.

Kí ni mo wá fẹ́ kí ẹ ṣe? Ẹ tọ́jú ẹ̀jẹ̀. Ìgò kékeré kan tó ní EDTA, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, èyí tó ní omorí àwọ̀ àlùkò, kí ẹ fa ẹ̀jẹ̀ kún un kí ẹ sì gbé e sínú fíríìsà, pẹ̀lú ẹran ara díẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀ tàbí ọkàn tí kò tíì kan fọ́málíìnì, torí fọ́málíìnì máa ń ba DNA jẹ́. Kò pọn dandan kí ẹ ṣe àyẹ̀wò DNA lọ́jọ́ náà. Bó bá di ọdún méjì, ọdún márùn-ún, tí àbúrò olóògbé bẹ̀rẹ̀ sí í dákú, ohun tí wọ́n á fi mọ̀ wà níbẹ̀. Ní Australia àti New Zealand, wọ́n tọpa ikú òjijì 490 láàárín àwọn tó wà ní ọdún 1 sí 35, ìwé rẹ̀ jáde ní 2016. Nínú ìdá 40 nínú 100 wọn, àyẹ̀wò òkú kò rí ohun tó pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n yẹ DNA àwọn kan lára àwọn tí wọn kò rí ìdí ikú wọn yìí wò, wọ́n rí àléébù tó ní í ṣe pẹ̀lú ọkàn lára ìdá 27 nínú 100. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Lóòótọ́, DNA máa ń mú ọ̀rọ̀ wá nígbà mìíràn tí kò sẹ́ni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kò sì yẹ ká fi irú èyí dẹ́rù ba ìdílé. Àwọn dókítà ọkàn ló mọ bí wọ́n ṣe ń yà á sọ́tọ̀. Ẹ̀yin ẹ sáà ti tọ́jú ìgò.

Ẹ béèrè ìbéèrè mélòó kan lọ́wọ́ ìdílé kí wọ́n tó gbé òkú lọ. Ṣé ẹnikẹ́ni ti kú lójijì rí kó tó pé ogójì ọdún? Ṣé ẹnikẹ́ni ń dákú bó bá ń sáré, bó bá ń lúwẹ̀ẹ́, bí nǹkan bá dún gbàmù? Ṣé ẹnikẹ́ni rì sómi bẹ́ẹ̀ ó mọ omi wẹ̀ dáadáa? Ṣé wárápá kan wà tí oògùn kò ràn? Ọmọ ìkókó tó sùn tí kò jí ńkọ́? Ìbéèrè wọ̀nyí kò gba ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Ọ̀kan nínú yín sọ fún mi nígbà kan pé bí òun bá kọ àìsàn ọkàn mọ́ oògùn, ṣe ló máa dà bíi pé òun ń fọ aṣọ oògùn mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ n kò gbà. Ìwé ẹ̀rí ikú tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣètò ìlànà rẹ̀ ní apá méjì: apá kìíní fún ohun tó pa ènìyàn tààrà, apá kejì fún àìsàn mìíràn tó lọ́wọ́ sí i. Àyè wà fún méjèèjì, ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Bó bá jẹ́ ti ìkìlọ̀ nípa oògùn ni, kí ló tún lè dẹ́rù ba ọ̀dọ́ ju kó mọ̀ pé ohun tí ọ̀rẹ́ òun ń lò láìsí wàhálà lè pa òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí ẹ̀jẹ̀ bàbá òun? Mo ti rí i kí ọmọkùnrin kan jókòó síwájú mi, kó wo ECG tirẹ̀ títí, kó ní "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀mí mi nìyí?" Ọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá àti pásítọ̀ ti sọ fún un láti ọjọ́ yìí kò wọ̀ ọ́ létí tó bẹ́ẹ̀.

Nínú ìdílé tí oògùn ti pa ẹnì kan, ẹlòmíràn sábà máa ń wà níbẹ̀ tó ń lò ó ní kọ̀rọ̀. Òun ni kò ní fẹ́ débi tí wọ́n ti ń yẹ ènìyàn wò, torí ó rò pé ìbáwí ló ń dúró de òun. Òun gan-an ni ewu sún mọ́ jù. Bí ìwé yín bá ti di ìwé ẹ̀sùn lójú rẹ̀, a ti pàdánù rẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "oníkòkéènì" tàbí "ajoògùnyó" sínú ìwé. Kò sí ìwádìí kankan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí àti iye rẹ̀.

Ó kù ìlà kan tí mo fẹ́ kí ẹ máa fi kún un. Ẹ lè tún un kọ bó ṣe wù yín, àmọ́ bí mo ṣe rò ó nìyí: "A bá oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ olóògbé. Èyí kò fi hàn pé kò sí àìsàn ọkàn ìdílé. Ó yẹ kí òbí, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ olóògbé lọ ṣe àyẹ̀wò ọkàn, kí wọ́n sì mú ìwé yìí dání." Kí nọ́ńbà fóònù ẹ̀ka ọkàn tó sún mọ́ wọn jù lọ tẹ̀ lé e. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ má kọ ọ́ sẹ́yìn, níbi tí iye oògùn àti orúkọ kẹ́míkà wà, torí mo ti rí ìwé yín púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìdílé, ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń rún.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì kan ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọkàn